Hóró Oògùn Tí A Dá sí Méjì

Ohun mẹ́rin ló ti bàjẹ́ ní ilé Mọ́níkẹ́ aláró kí ilẹ̀ ọjọ́ Ọjọ́rú náà tó mọ́ tán. Àkọ́kọ́, ibà tó mú Adépéjú, ìyàwó ọmọ rẹ̀, láti ìrọ̀lẹ́ àná kò fi í sílẹ̀, ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ mẹ́ta. Èkejì, ìtọ̀ tó tọ̀ sínú póò funfun dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran. Ẹ̀kẹta, gbogbo hóró oògùn tí ó ti ń gbé mì láti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, láìfo ọ̀kan, kò tu irun kan lára àìsàn náà. Ẹ̀kẹrin ni pé Olúṣẹ̀yẹ, ọkọ Adépéjú, tíṣà ilé-ìwé ìjọ ní Kemta, ti wọ ṣòkòtò funfun rẹ̀, ó ti ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde, ó sì ti lọ síbi iṣẹ́, nítorí pé ìnsípẹ́kítọ̀ ilé-ìwé ń bọ̀ lọ́la. Oyún inú Adépéjú ti pé oṣù méje.

Mọ́níkẹ́ gbé póò náà lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì wò ó bí ó ti máa ń wo aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró. Ojú ni obìnrin yìí fi ń jẹun láti ìgbà èwe rẹ̀. Bí aró ẹnikẹ́ni bá ń ṣe ségesège ní Ìtòkú, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Kì í tọ́ ọ wò, kì í béèrè iye ọjọ́ tó ti lò. Yóò kàn wo ìfófòó orí rẹ̀, yóò ní kí wọ́n bu omi eérú sí i tàbí kí wọ́n dé e dọ̀la. Ojú kan náà ni ó fi tọ́jú ìyàwó ọmọ rẹ̀. Nígbà tí oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn, tí ìtọ̀ kọ́kọ́ ń ta Adépéjú bí ata, ó ra hóró funfun fún un, ó sì ń yẹ póò wò láràárọ̀. Bí ìtọ̀ náà ti mọ́ bí omi òjò, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, ó sì di ìyókù oògùn sí etí aṣọ. Àìsàn náà padà, wọ́n tún lo oògùn, ìtọ̀ tún mọ́, ó tún ní ó tó. Kò sí ẹni tí yóò bá Mọ́níkẹ́ jiyàn lórí àwọ̀.

Àwọ̀ òwúrọ̀ yìí kò ní iyàn nínú. Ó da ìtọ̀ náà nù sí ẹsẹ̀ ògiri, ó fọ póò, ó gbé ìborùn lé èjìká, ó sì jáde.

Ọ̀dọ̀ Sàlàhúdíìnì ni ó lọ. Ọkùnrin náà ti jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìhà ọjà, pẹ̀lú ẹ̀wù sójà tó ti ṣá mọ́ ọn lára. Ogun Bọ́mà ni ó ti dé, oògùn ni ó sì mú dé. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń pè é ní Dókítà Bọ́mà, àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìgò fífẹ̀ kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tí hóró funfun kún inú rẹ̀ bí àgbàdo. Kò sí ohun tí kì í tà á fún: egbò, ikọ́, ojú pípọ́n, inú rírun, eyín dídùn. Ẹni tó fẹ́ mẹ́wàá yóò rí mẹ́wàá rà. Ẹni tó fẹ́ ẹyọ kan yóò rí ẹyọ kan, pẹ̀lú àdúrà. Kì í sì í ṣe pé ó ń lu ènìyàn ní jìbìtì. Ó gba oògùn náà gbọ́ tọkàntọkàn, ó ti rí i tí ó gbé ẹni tí wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ fún dìde. Ìjọba tó fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jà bí iyọ̀, tí kò rán ẹnikẹ́ni wá sọ bí a ti ń lò ó, ni ìbá yẹ kí a bi léèrè, ṣùgbọ́n ìjọba kò jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ó kí Mọ́níkẹ́ kú àárọ̀, ó béèrè ìyàwó, ó sì ti ń na ọwọ́ sí ìgò kí ó tó gbọ́ èsì.

Mọ́níkẹ́ ní, “Kì í ṣe ìyẹn. Mo ní ìyẹn nílé. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni mo ń wá.”

“Ìyá, ọ̀kan náà ni. Inú páálí kan náà ni mo ti ń bù ú láti ọjọ́ yìí. Ní Bọ́mà, ẹni tó bá gbé mẹ́rin mì lálẹ́, orin ni yóò máa kọ láàárọ̀.”

“Ìtòkú nìyí.”

“Ẹ jẹ́ kó lo mẹ́jọ, nígbà náà.”

“Mẹ́jọ ló lò lánàá, Sàlàhúdíìnì.”

Ọkùnrin náà kò wo ojú rẹ̀. Ó sọ fún un ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ pé kì í ṣe Mọ́níkẹ́ nìkan ló ń wí bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ kan ti wá bú òun ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin ẹlẹ́ja kan sì ti dá tirẹ̀ padà, àwọn méjèèjì ní oògùn náà kò mú ohun tí ó ń mú tẹ́lẹ̀. Òun kò mọ ohun tó ṣe é. Ó pa ìgò náà dé, ó sì tẹ ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Obìnrin kan dé lẹ́yìn Mọ́níkẹ́, ó ní eyín ń dun bàbá òun, kó fún òun ní ẹyọ kan. Sàlàhúdíìnì tún ìgò náà ṣí, ó tà á fún un.

Nígbà tí Mọ́níkẹ́ padà délé, Harriet ti gbé ẹ̀kọ kaná. Opó ni Harriet, aránṣọ, ayálégbé tó ń gbé iyàrá iwájú. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ, Ìyá Herbert sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ògiri tó wà láàárín iyàrá rẹ̀ àti ti Adépéjú kò nípọn, ìgbà gbogbo tí Adépéjú bá sì ṣí ilẹ̀kùn jáde lọ tọ̀, Harriet mọ̀. Kò sí ìkà lọ́kàn rẹ̀. Ìdákẹ́ ni kò sí lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, “Ìyá Olúṣẹ̀yẹ, ẹ kú ìrìn. Mi ò sọ nǹkan kan o. Ẹni tó bá bi mí, ibà ni mo ń wí.”

“Ta ló bi yín?”

“Ta ni kò bi mí?”

Mọ́níkẹ́ gba orógùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ro ẹ̀kọ náà lọ láìdáhùn. Harriet jókòó sórí àpótí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tí àwọn obìnrin wí nídìí ẹ̀rọ omi kalẹ̀, bí ẹni pé iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni. Wọ́n ní àìsàn tó ń mú ènìyàn tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó mọ́, orúkọ kan ló ní. Wọ́n ní àtọ̀sí kì í fò wọlé láti ojú fèrèsé, ẹnì kan ló ń gbé e wọlé. Àwọn kan ní ọkọ ni, nítorí pé àwọn tíṣà ń lọ ìpàdé ní Ìbàdàn. Àwọn kan ní ìyàwó ni, nítorí pé ojú rẹ̀ ti tutù jù. Ẹnì kan ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá fi Olúṣẹ̀yẹ jẹ ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ̀kọ́ nípa omi ni kó kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ. Harriet ní òun bá onítọ̀hún wí. Ó tún sọ yẹ̀yẹ́ náà lẹ́ẹ̀kejì kí Mọ́níkẹ́ lè rí bí ó ti burú tó.

Mọ́níkẹ́ ní ṣé ó ti parí.

“Mo ti parí. Ẹ gbé ọmọ yìí lọ sí ilé ìwòsàn.”

Ohun tí Mọ́níkẹ́ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ gan-an nìyẹn. Kí Olúṣẹ̀yẹ tó gun kẹ̀kẹ́ ní òwúrọ̀ ni ó ti bẹ ìyá rẹ̀ pé kí Adépéjú má tíì dé ilé ìwòsàn lónìí. Ní ilé ìwòsàn wọn yóò béèrè àìsàn, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó bá ń kọ ọ́ yóò sì jẹ́ ọmọ ìjọ. Pásítọ̀ Olúbọ̀dé ni alábòójútó ilé-ìwé; ọwọ́ rẹ̀ ni ipò ọ̀gá ilé-ìwé tí Olúṣẹ̀yẹ ń retí wà, Pásítọ̀ kò sì ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì bí ó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìnsípẹ́kítọ̀ lọ ná, Olúṣẹ̀yẹ wí. Ó sọ ọ́ bí ọmọ rere, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, fìlà lọ́wọ́. Mọ́níkẹ́ ti gbà fún un.

Ó bu ẹ̀kọ sínú ife, ó gbé e wọlé. Adépéjú ti jókòó sétí ibùsùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ egungun ìhà, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ọmọbìnrin tí kì í pẹ́ rẹ́rìn-ín ni, tó máa ń fi iṣẹ́ aró ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ilé tí òun wọ̀, èékánná ènìyàn kò ní funfun láé. Ó gba ife náà, ó mu ẹnu kan, ó bì í. Ó tọrọ àforíjì nítorí ẹní tó bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wí, láìgbé ojú sókè, “Ìyá, ọmọ náà ti dákẹ́. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mi ò ti gbọ́ ọ.”

Mọ́níkẹ́ gbé ife sílẹ̀. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí lọ́rì igi ìdáná ti ń já igi sílẹ̀ fún àwọn aláró, ó sì sọ fún awakọ̀ pé kí ó má já ìyókù, kí ó tẹ́ àpò sórí rẹ̀. Harriet ti de gèlè. Kò sí ẹni tó pè é, kò sí ẹni tó lé e. Òun ni ó jókòó sórí igi náà, tó gbé orí Adépéjú lé itan, tó sì ń bú awakọ̀ ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti gbun.

Wọ́n jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn kí ó tó kàn wọ́n. Ọ̀kan ṣoṣo ni dókítà, òyìnbó gbígbẹ kan tí oorun kò tó, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń dúró dè é. Nọ́ọ̀sì Beatrice ló ń ṣe ògbufọ̀ fún un, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Wọ́n gbé Adépéjú lọ sórí ibùsùn. Beatrice gbé fèrè igi kan lé ikùn rẹ̀, ó sì fi etí tì í, ó sún un síhìn-ín, ó sún un sọ́hùn-ún. Mọ́níkẹ́ di igi ibùsùn mú. Nígbà tí Beatrice gbé orí sókè, ó ní ọkàn ọmọ náà ń lù, ṣùgbọ́n ó ń sáré. Dókítà gba ìtọ̀, ó lọ fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, ó padà wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Oògùn wo ni ó lò? Mọ́níkẹ́ tú etí aṣọ rẹ̀, ó fi hóró funfun hàn án. Nígbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ó sọ. Ọjọ́ mélòó ni ó fi lò ó nígbà àkọ́kọ́? Títí ìtọ̀ fi mọ́. Ìgbà kejì ńkọ́?

Mọ́níkẹ́ wo ẹ̀yìn, bóyá Harriet ń gbọ́. Harriet ń gbọ́.

Ó ní, “Ìgbà kejì, mo dá a sí méjì.”

Beatrice ní kí ó tún un sọ.

“Ìjà fẹ́ wọlé. Ọkọ ní òun kọ́, ìyàwó ní òun kọ́. Mo fi ọ̀bẹ dá hóró kọ̀ọ̀kan sí méjì, mo fún ọkọ ní ààbọ̀, mo fún ìyàwó ní ààbọ̀, lójú ara wọn. Kí ẹnì kan má bàa lè sọ lọ́la pé ẹnì kejì ló gbé àrùn wá. Wọ́n gbé e mì pọ̀, ọ̀rọ̀ sì tán.”

Beatrice kò túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ó túmọ̀ rẹ̀, dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́, láìpariwo. Beatrice gbọ́ ọ tán, ó yí padà sí Mọ́níkẹ́.

“Ó ní kòkòrò ló wà nínú ìtọ̀ ìyàwó yín, irú èyí tí ojú lásán kò lè rí. Ó ní oògùn díẹ̀ tí ẹ kọ́kọ́ fún un, àwọn tí kò lágbára ló pa. Àwọn tó le ló ṣẹ́kù, àwọn ló sì bímọ. Ẹ tún wá fún àwọn wọ̀nyẹn ní ààbọ̀. Àwọn tó le jù lọ nínú wọn ló ṣẹ́kù. Àwọn ló wà nínú rẹ̀ báyìí, wọ́n sì ti gun òkè dé kíndìnrín. Bí ẹ bá da odindi ìgò oògùn yẹn sí i lẹ́nu lónìí, wọn kò ní mira.”

“Ṣùgbọ́n ìtọ̀ náà mọ́,” Mọ́níkẹ́ wí. “Mo wò ó.”

“Mo gbọ́ pé ẹ wò ó, Ìyá.”

Mọ́níkẹ́ bi í, ní ohùn tó fẹ́ kó má jáde, bóyá àtọ̀sí ni. Beatrice kò tilẹ̀ rẹ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó béèrè lọ́wọ́ dókítà. Òyìnbó náà mi orí. Beatrice ní rárá o. Ó ní oyún máa ń dá ìtọ̀ dúró nínú ara, kòkòrò a sì rí àyè. Ó lè ṣe ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù. Lórí bẹ́ǹṣì, Harriet tún gèlè rẹ̀ we, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tú.

Abẹ́rẹ́ tuntun kan wà tó lè mú àwọn kòkòrò náà. Kò sí níhìn-ín. Ní Èkó ó wà níwọ̀nba, ní ilé ìwòsàn ńlá kan, wọn kì í sì í fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹbí aláìsàn ni yóò mú ìwé dókítà lọ, tí yóò dúró níwájú àwọn tí ń pín in, tí yóò sì fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ wọ́n títí wọn yóò fi gbà. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn tí ì bá lọ ti bàjẹ́, ó sì ti wà lórí igi láti oṣù tó kọjá. Dókítà ti kọ̀wé nípa rẹ̀, ó sì ń retí èsì. Rélùwéè ìrọ̀lẹ́ òní yóò kúrò ní Láfẹ̀nwá. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lè padà dé lọ́sàn-án ọ̀la. Nígbà tí Mọ́níkẹ́ béèrè bóyá ó lè dúró di ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìnsípẹ́kítọ̀, dókítà kàn wo ibùsùn náà, ó sì mi orí.

Ilé-ìwé ti pa kí Olúṣẹ̀yẹ tó dé. Ẹnì kan ló sọ fún un lójú ọ̀nà, àágùn sì ti mú ẹ̀wù mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó wọlé lọ wo ìyàwó rẹ̀, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nínú ibà náà, Adépéjú fi orúkọ bàbá tirẹ̀ pè é, kò mọ̀ pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ jáde wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó. Harriet tú ólèlè kan nínú ewé, ó gbé e lé e lọ́wọ́, nítorí pé kò jẹun kúrò nílé. Ó ń jẹ, ó ń ka ìwé dókítà. Ó kà á dé òpin, ó tún padà sí òkè rẹ̀, níbi tí orúkọ àìsàn wà.

Ó ní òun yóò lọ. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò ní lọ. Ṣùgbọ́n tíṣà kò lè kúrò láìgbàyè ní ọ̀la tí ìnsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀. Pásítọ̀ Olúbọ̀dé ni yóò fún òun láyè, yóò sì bi òun pé kí ló ṣe ìyàwó. Bí òun bá ní ibà, Pásítọ̀ yóò ní ìyá òun wà nílé, kí òun ṣe iṣẹ́ òun. Bí òun bá sọ ohun tó wà nínú ìwé yìí, ohun mìíràn ni Pásítọ̀ yóò gbọ́. Gbogbo Kemta yóò gbọ́ ọ. Òun rò ó pé kí ìnsípẹ́kítọ̀ wá lọ́la, kí ó lọ, kí òun wá wọ rélùwéè ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, kí òun sì padà dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ kan péré ló fi lé. Ìbínú kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ń tò ó bí ẹni tó ń to iṣẹ́ sórí pátákó fún àwọn ọmọ.

Olúṣẹ̀yẹ gbé ewé ólèlè sílẹ̀.

Ó ní, “Ìyá, ẹ̀yin ni ẹ dá oògùn sí méjì.”

Harriet ṣe bí ẹni tó fẹ́ dìde, kò dìde.

“Èmi ni,” Mọ́níkẹ́ wí. “Ẹni tó bá bi mí, n ó sọ ọ́ fún un. Mo sọ ọ́ fún òyìnbó lónìí, ọ̀run kò já. Èmi ni mo tún gbà fún ọ láàárọ̀ pé kó má wá síbí. Ìyẹn náà, èmi ni.” Ó ká ìwé dókítà, ó sì tì í sínú àpò ẹ̀wù ọmọ rẹ̀. “Mi ò lè sọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá lè sọ ọ́, mi ò ní wo ojú rẹ. Gbé kẹ̀kẹ́ rẹ. Ilé Pásítọ̀ ni kó o kọ́kọ́ yà, láti ibẹ̀ kó o kọjá sí Láfẹ̀nwá, kó o wọ ọkọ̀, Pásítọ̀ gbà o, kò gbà o. Má pè é ní ibà fún un. Sọ pé àìsàn ìtọ̀ ló ń ṣe ìyàwó rẹ, pé ẹ̀jẹ̀ ló ń tọ̀, pé oògùn tí a lò ní ààbọ̀-ààbọ̀ kò ràn án mọ́. Ohun tó bá wù ú ni kó gbọ́.”

Olúṣẹ̀yẹ wo ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀.

“Ìyá Herbert ló jókòó yìí,” Mọ́níkẹ́ wí. “Bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Sọ ọ́ fún un báyìí, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.”